Mo san ₦25,000 kí wọ́n lè máa bi mí pé "báwo lo ṣe mọ̀?"

Kíláàsì yìí ò ní pátákó níta. Bí ẹ bá dé Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ wá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń ṣe fotokọ́pì nísàlẹ̀, kí ẹ sọ fún ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ pé kíláàsì íntáfíù lẹ bá wá. Á nawọ́ sí àtẹ̀gùn láì gbójú sókè. Lókè ibẹ̀ ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà ti ń múra àwa tá a ka Mechanical sílẹ̀ fún íntáfíù. Àbámẹ́ta mẹ́rin ni, ₦25,000, wọn kì í gbà á díẹ̀díẹ̀. Ọmọ Rẹ́mọ ni mí, láti Ṣágámù ni mo ti ń lọ, owó ọkọ̀ ò sí nínú iye yẹn. Mo ná an títí, Bàbá ní Ìjẹ̀bú lòun, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ nìyí. Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan pè mí fún íntáfíù. HND mi wà lọ́wọ́, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì ti lo oṣù mẹ́jọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe omi inú ọ̀rá, èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ wọn. Gbogbo òru ọjọ́ náà ni mo fi há fọ́múlà sórí. Ọkùnrin tó jókòó síwájú mi wọ bàtà iṣẹ́ tí epo ti bà jẹ́. Kò bi mí ní fọ́múlà kankan. Ó ní, "Pọ́ǹpù omi kan ń dún bí ẹni pé òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Kí ló ṣe é?"

Mo dáhùn kíá: "Bearing ẹ̀ ló ti jẹ, sà." (Bearing ni irin roboto tí ọ̀pá ẹ̀rọ fi ń yí geerege.)

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ẹnu mi wọlé. Mi ò mọ̀, mo kàn sọ ọ́ ni. Ó pa fáìlì mi dé, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ yẹn gan-an ló dùn mí jù.

Nítorí náà, nígbà tí mo dé kíláàsì Bàbá ní Àbámẹ́ta àkọ́kọ́, mo ti mú ìwé ńlá dání, mo rò pé ọjọ́ kíkọ nǹkan ni. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n pè wá, mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Bàbá dé. (Bó ṣe rí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn, ẹ fi sọ́kàn.) Kò jókòó. Ó kó àwa mọ́kànlá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ìyá kan ti ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Ó kí ìyá náà, ó fún un ní ₦500, ó wá ní ká dákẹ́ ká máa wo ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ tiẹ̀ wo àgbà méjìlá tí wọ́n dúró yí ẹ̀rọ ata ká láì ra ata! Àwọn oníbàárà ń fi wá rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí púlì ara mọ́tò fi kéré ju ti ara ẹ̀rọ lọ? Ọmọkùnrin kan ní kó lè dín eré rẹ̀ kù ni. "Sí mélòó?" A wọn àwọn púlì náà: mílímítà 100 àti 200. A ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára mọ́tò: 1,440 yíyí ní ìṣẹ́jú kan. Ó di 720 nìyẹn. Eré dín kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń yí òkúta ìlọta fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ìdí nìyẹn tí ata fi ń di lílọ dípò kí mọ́tò há. Ó dára. Bàbá ò tíì tán. "Iná wa, 50 hertz ni, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mọ́tò yìí sì ní pole mẹ́rin, ìyẹn orí òòfà méjì-méjì lọ́nà méjì. Ẹ ṣírò rẹ̀, 50 lọ́nà 60, kí ẹ pín in sí méjì, 1,500 ló yẹ kó jẹ́. Ta ló jí 60 tó kù?"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ka ìwé, mo ti rí 1,440 lára mọ́tò tó pọ̀ lọ jàra, mi ò bi ara mi léèrè rí. Bàbá ṣàlàyé rẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́: agbára òòfà ló ń yí ká nínú mọ́tò ní 1,500, tó ń wọ́ rotor, ìyẹn irin tó ń yí láàárín mọ́tò, tẹ̀ lé e. Bí rotor bá sáré bá a dọ́gba, kò ní sí iná kankan nínú rotor mọ́, kò sì ní sí ohun tó ń wọ́ ọ. Dandan ni kó máa rẹ̀yìn díẹ̀.

Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ ọmọ Rẹ́mọ, bí ata bá pọ̀ tí bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro, kí ló ṣe é?"

"Bẹ́líìtì ti gbó, sà."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ara mi bù máṣọ. Àfi bí ẹni pé òun àti ọlọ́bàtà yẹn ti jọ sọ̀rọ̀. Bàbá ò bú mi o. Ó ní, "Má dárúkọ àrùn nígbà tó ò tíì fọwọ́ kan aláìsàn. Sọ ohun tó o máa kọ́kọ́ wò, kó o sọ ohun tó o máa wò ṣìkejì, kó o sì sọ ìdí." Ṣé bẹ́líìtì dẹ̀ ni? Ṣé púlì méjèèjì wà lójú ìlà kan náà? Ṣé epo ti ta sí i? Àbí ata ló pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan? Ẹni tó bá tò ó báyìí, bí kò tiẹ̀ mọ ìdáhùn, ẹni tó ń bi í á mọ̀ pé òun lè fi ẹ̀rọ sọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí nǹkan yìí nìkan, owó mi ò ṣòfò.

Ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ ti irin àti ẹrù. Rúlà onígi kan péré ni Bàbá lò. Ó tẹ ìdí rẹ̀ mọ́ tábìlì, ó fi ìka tẹ orí rẹ̀ nígbà tó wà ní gbalaja, ó tẹ̀ kọrọdọ. Ó wá gbé e dúró lórí etí rẹ̀, ó tún fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò mira. Igi kan náà, ìwọ̀n kan náà. Nínú bh³/12, fọ́múlà tá a fi ń ṣírò bí ìrísí ọ̀pá ṣe ń mú un le, b ni fífẹ̀, h ni gíga, gíga ni wọ́n sì ń sọ di cube (gíga lọ́nà gíga lọ́nà gíga), ìyẹn ni pé bí gíga bá di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. "Ṣé ẹ ti rí káfíńtà tó tẹ́ pákó òrùlé ní gbalaja rí?" A ò rí i rí. Káfíńtà ò ka bh³/12, ó sì mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè tó mú gbogbo wa lọ́jọ́ yẹn ni èyí: ọ̀pá irin kan ń tẹ̀ jù lábẹ́ ẹrù, ṣé ká fi irin olówó iyebíye tó lágbára jù ú lọ pààrọ̀ rẹ̀? Gbogbo wa la pariwo bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá rẹ́rìn-ín. Gbogbo irin steel, olówó pọ́ọ́kú àti olówó iyebíye, nǹkan bíi 200 GPa (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe le tó) ni líle wọn. Èyí tó wọ́n kò ní tètè ṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, iye tí èkejì tẹ̀ lòun náà á tẹ̀. Bí ẹ bá gbé aluminium wá, nǹkan bíi 70 ni tirẹ̀, ó máa burú sí i ni. Ìrísí ọ̀pá lẹ máa yí padà, kì í ṣe irin. Mo ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ràn láti fi ìbéèrè yìí dẹkùn fún èèyàn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni pọ́ǹpù. Mo ti ń retí ọjọ́ yẹn bí ọmọdé ṣe ń retí Ojúde Ọba. Bàbá ní pọ́ǹpù kì í fa omi, afẹ́fẹ́ tó tẹ orí omi ló ń tì í wá bá a, kò sì lè tì í gòkè ju nǹkan bíi mítà 10 lọ níhà ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ri súmò, ìyẹn pọ́ǹpù tó ń wọnú omi, sínú borehole tó jìn, kó lè ti omi láti ìsàlẹ̀. Bí ojú ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé bá wá há, tàbí asẹ́ tó ń jọ ọ́ bá dí, ìtì yẹn á kéré débi pé omi á máa hó láì gbóná. Ìfófòó á dìde. Bó bá dé ibi tí ìtì ti pọ̀ nínú pọ́ǹpù, á fọ́ pẹ́ẹ́ mọ́ ara irin, á máa bu irin jẹ. Ìró òkúta wẹ́wẹ́ nìyẹn. Cavitation ni wọ́n ń pè é.

Mo jókòó, mo gbé ọwọ́ lérí. Oṣù mẹ́jọ ni pọ́ǹpù ilé omi wa fi dún báyẹn létí mi. Orí pèpéle gíga ni wọ́n gbé e sí, páìpù tó tín-ín-rín ló ń gbà mu, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni mo pààrọ̀ bearing rẹ̀. Ọ̀gá mi ìgbà yẹn, ẹ forí jì mí.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni íntáfíù àfidánrawò. Àwọn mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan. Òun ló bi mí ní ìbéèrè tí wọn kì í bi ọkùnrin: "Ṣé o lè gbé irin wúwo?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí mo ṣe máa ń pọn omi ní ilé ìyá mi àgbà. Ó dá mi dúró. Ó ní ìdáhùn rẹ̀ ni, "Kréènì ló ń gbé e, mà. Tèmi ni kí n ṣírò bóyá okùn rẹ̀ á gbà á." Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Àléébù tó wà níbẹ̀ náà rèé. Bí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ bá jẹ́ ti yíya nǹkan sórí kọ̀ǹpútà, ẹ má lọ. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni wọ́n ní, èèyàn mọ́kànlá la sì ń na ọrùn wò ó fún wákàtí kan, bátìrì rẹ̀ ló kọ́kọ́ kú. Ìwé tí wọ́n ń pín jẹ́ fotokọ́pì tí wọ́n ti ṣe láti ara fotokọ́pì, àwòrán ojú ewé 14 dúdú kirimú, ínǹṣì àti pọ́ọ̀n sì kún inú rẹ̀ nígbà tó jẹ́ mítà la fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tún gba ₦3,000 fún sàtífíkéètì tí mi ò rò pé ilé-iṣẹ́ kankan á wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà á ṣá, ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, láptọ́ọ̀pù yẹn ló jẹ ìkan tó kù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ibòmíràn pè mí. Wọ́n ní kọ̀mpírẹ́sọ̀ wọn ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ló ṣe é? Mo ní mi ò tíì mọ̀, sà, ṣùgbọ́n mo máa kọ́kọ́ wo bóyá ibi tó ti ń gba afẹ́fẹ́ ti dí, lẹ́yìn náà ni mo máa wo epo rẹ̀ àti ohun tó ń tù ú. Ọ̀gá náà jókòó dáadáa sórí àga rẹ̀. Wọ́n ti pè mí fún ìpele kejì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má tètè dé, mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ mú rúlà àti omi mímu dání. Ẹ sì dá owó jọ fún ìyá ẹlẹ́rọ ata, nítorí lọ́jọ́ tá a parí, ó ní ₦500 ò tó mọ́, òun náà ti mọ̀ báyìí pé tíṣà lòun.