Àwo orin ọdún 2024: Morayo àbí Lungu Boy, èwo ni kí ẹ náwó lé?

Irun alátaṣímẹ́ǹtì wẹ́wẹ́ máa ń gbà mí tó wákàtí márùn-ún. Oníbàárà á jókòó, á na ẹsẹ̀, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi á pín orí rẹ̀ láàárín ara wa, sípíkà á sì máa kọrin lọ lórí tábìlì. Kí ọwọ́ wa tó kan iwájú orí, àwo orin kan á ti parí, á tún bẹ̀rẹ̀, á tún parí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé orin tó dùn lẹ́ẹ̀kan, kò pọn dandan kó dùn lẹ́ẹ̀kẹrin. Ẹni tó bá sì fẹ́ náwó lé àwo, ẹ̀ẹ̀kẹrin yẹn ló yẹ kó bèèrè.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Adébáyọ̀, ní Adó-Èkìtì níbí. Láti ìgbà tí àwọn àwo ọdún 2024 ti jáde ni a ti ń bá ara wa fà á. Ọmọ iṣẹ́ mi kò gbà ju Asake lọ: Lungu Boy ni tirẹ̀. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ tíṣà, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, Morayo ti Wizkid ló dì mú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n ń wá láti ọ̀nà Ìwọròkò ń gbèjà Ayra Starr. Mo ti gbọ́ gbogbo wọn débi pé mo mọ ibi tí orin kọ̀ọ̀kan ti ń mí, owó dátà ara mi ni mo sì fi gbọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú Morayo kọ́kọ́. Ọjọ́ 22 Oṣù Kọkànlá 2024 ló jáde, orin 16 ló wà nínú rẹ̀. Orúkọ ìyá Wizkid ni, tó kú ní Oṣù Kẹjọ 2023, ẹni tó bá sì gbọ́ Yorùbá ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀: mo rí ayọ̀. Ọ̀fọ̀ ló ń ṣe nínú àwo náà, àmọ́ ó ń ṣe é bí àwa náà ṣe máa ń ṣe é tí òkú bá jẹ́ òkú ọlọ́mọ, pẹ̀lú ìlù àti ijó. Fújì ló fi ṣílẹ̀kùn. Ohùn K1 De Ultimate ló kọ́kọ́ jáde nínú "Troubled Mind" kí Wizkid fúnra rẹ̀ tó la ẹnu.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi í sí i, orí Mọ́mì ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi kọ́ọ̀mù la irun sọ́tọ̀, mo ń na ọwọ́ sí àtàṣímẹ́ǹtì. Bí ohùn fújì yẹn ṣe jáde báyìí, orí bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́: Mọ́mì ti yíjú sí sípíkà. Ó ní, "Ìyá ta ni wọ́n ń sin?" A kò tíì sọ nǹkan kan fún un nípa ìyá Wizkid o. Mo ní, "Mọ́mì, ìyá akọrin náà gan-an ni." Ó ní kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́ títí orin fi parí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé àwo yìí á wọlé lọ́dọ̀ àgbà.

Lungu Boy ti jáde ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ 9 Oṣù Kẹjọ, orin 15. Lungu ni àwọn ọmọ ìgboro Èkó ń pe kọ̀rọ̀ àdúgbò tí àwọn tí kò rí jájẹ ń gbé. Asake, tó kàwé tíátà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, mọ bí wọ́n ṣe ń fi Yorùbá dárà, ó sì hàn. "MMS", tí òun àti Wizkid jọ kọ, ni mo fi ṣẹ̀rí. Orin pẹ̀lẹ́ ni, ó ń ronú lórí ayé àti òpin ayé, kò sì sí ìgbà tí mo gbé e sí i tí ariwo ṣọ́ọ̀bù kò lọ sílẹ̀. Wọ́n fà á kalẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ Grammy. "Active", tí òun àti Travis Scott ṣe, ọ̀nà mìíràn ló gbà: orin Jazzman Olofin àtijọ́, tí Adewale Ayuba bá a kọ, ló fà wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ti dàgbà tó ogójì ọdún á ti máa gbọn èjìká kó tó rántí ibi tó ti mọ ohùn náà.

Ibi tí ẹjọ́ mi wà ni ọ̀rọ̀ àlejò. Àlejò pọ̀: Stormzy àti Central Cee láti Lọ́ńdọ̀nù, LUDMILLA láti Brazil. Kò sí èyí tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú wọn. Àmọ́ bí àwo náà bá ti yí po nígbà kẹta, ọwọ́ mi ló máa ń lọ sórí fóònù láti fò wọ́n, mo sì máa ń padà síbi tí Asake ti ń dá sọ̀rọ̀. "Fuji Vibe" tó fi kádìí rẹ̀ tún gbé mi dìde.

Nítorí náà, ohun tí mo rí nìyí: orin méjì tó dùn jù lọ́dún náà wà nínú Lungu Boy, àmọ́ tí ẹ bá ń wá odindi àwo, Morayo ni kí ẹ mú. Kì í ṣe pé Morayo kò ní àbùkù. Àwọn orin ìfẹ́ tó wà ní àárín rẹ̀ jọra, bíi kéèyàn máa ṣí yàrá tí wọ́n kun ní ọ̀dà kan náà. "Kese" ló ń já wa gbà níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ní n kò mọ nǹkan kan, pé "Bad Girl" nínú Morayo, Asake ló bá Wizkid kọ ọ́, nítorí náà Asake ló borí nílé àti lóko. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

The Year I Turned 21 ti Ayra Starr, orin 15, Oṣù Karùn-ún ló jáde, òun náà mú òkú òbí dání. "The Kids Are Alright" tó wà lápá ìparí, bàbá rẹ̀ tó ti lọ ló ń bá sọ̀rọ̀, a sì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Morayo: Wizkid pe èrò wá síbi ọ̀fọ̀ tirẹ̀, Ayra sì ti ilẹ̀kùn, ó ku òun àti ìdílé rẹ̀ nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó pàdánù bàbá rẹ̀ ní kí n má yí ìyẹn kúrò láé. Tí ẹ bá fẹ́ ra àwo fún ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, èyí ni kí ẹ mú.

Tems, Born in the Wild, orin 18, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Fún ẹni tó ń dá wakọ̀ láti Adó lọ sí Ìkọ̀lé lálẹ́, kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Love Me JeJe" inú rẹ̀, láti ara orin Seyi Sodimu ti 1997 ló ti yọ, òun ló sì gba Grammy ọdún 2025 tí "MMS" náà du. HEIS ti Rema, orin 11, kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: ariwo àti iná lásán, ó dára fún ẹni tó fẹ́ gbálẹ̀ ilé láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wàyí. Ẹ má ra orin inú mẹ́mórì káàdì. Mo rà á rí lọ́wọ́ ẹnìkan tó ní gbogbo àwo ọdún náà ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, "MMS" já ní ìdajì, ohùn ẹnìkan ń pariwo orúkọ ara rẹ̀ lórí àwọn ìyókù, orin Ayra sì wà láàárín orin Asake. Kọ́bọ̀ kan kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ ọ́. Ẹ san owó oṣooṣù fún Apple Music tàbí Spotify, kí ẹ gba àwo náà sílẹ̀ sórí fóònù níbi tí Wi-Fi bá wà, kí ẹ wá máa gbọ́ ọ láìlo dátà. Tí ẹ bá fi dídára ohùn sí àárín, ìṣẹ́jú kan kò ju nǹkan bíi MB 1 lọ. Tí ẹ bá gbé e sókè pátápátá, á lé ní MB 2, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Lórí Spotify, ẹ gbọ́dọ̀ tan dátà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 30, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn orin náà kò ní ṣí. Bí ẹ bá sì dáwọ́ owó dúró, wọ́n ti lọ nìyẹn.

Mọ́mì bi mí láìpẹ́ yìí èwo ni kí òun fún DJ fún ìgbéyàwó ọmọ òun ní Ìkẹ́rẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí ọkọ àti ìyàwó fi "Active" wọlé, kó fi "Kese" sí i nígbà tí wọ́n bá ń náwó fún wọn, kí ó sì fi "MMS" pamọ́ di ìgbà tí uyán bá ti jáde, tí gbogbo ẹnu dí. Ó ní "Troubled Mind" ńkọ́. Mo ní, "Mọ́mì, ìyẹn kì í ṣe orin ìgbéyàwó." Ó ní òun mọ̀, àmọ́ ìyá òun kò sí níbẹ̀ láti rí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ kún un.