Python Tutor: ẹ̀yin tí lísìtì ń dà láàmú, ẹ wá wo nǹkan yìí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ sí pythontutor.com. Philip Guo ló ṣe é, ó ti wà láti 2010, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò ní dáńlóòdù nǹkan kan, inú bùráúsà náà lẹ máa ti kọ kóòdù yín, ẹ tẹ Visualize Execution, á wá máa fi ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe hàn yín níkọ̀ọ̀kan. Lísìtì yín, ìyẹn àwọn nǹkan tẹ́ ẹ tò jọ sínú [ ], á jáde bí àpótí tó tò tẹ̀ léra wọn, tòun ti nọ́ńbà àyè wọn, 0, 1, 2.

Ibi tó ti wù mí jù ni téèyàn bá fẹ́ sẹ́ dátà, ìyẹn ni pé kó yọ ohun tí kò fẹ́ kúrò nínú ẹ̀. Ẹ mú a = [3, 8, 8, 5], kẹ́ ẹ ní kí lúùpù for máa wò ó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá ti rí 8 kó fi remove yọ ọ́ dànù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé [3, 5] ló máa kù àmọ́ [3, 8, 5] ló ń jáde, Python ò sì ní kọ error kankan, ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Ẹ wá máa tẹ Next díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fojú ara yín rí i pé bí 8 àkọ́kọ́ ṣe kúrò ní àyè 1 báyìí ni 8 kejì sún wá síbẹ̀, lúùpù ní tiẹ̀ ti kọjá sí àyè 2, 5 ló bá níbẹ̀, kò sì wẹ̀yìn mọ́. Mi ò rí àlàyé ẹnu tó lè dà bí èyí!

Ẹ wá fi append kó àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ sínú lísìtì tuntun, ẹ máa rí i bó ṣe ń kún, ti tẹ́lẹ̀ wà níbi tó wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó máa kọ ọ́ ní ìlà kan, [n for n in a if n != 8], ìyẹn ni pé kó mú gbogbo ohun tí kì í ṣe 8 nínú a. Ẹ tún dán b = a wò, ọfà méjì ló máa nà sí lísìtì kan ṣoṣo, ohun tẹ́ ẹ bá yọ nínú b ti kúrò nínú a nìyẹn.

Ẹ má gbé dátà ńlá lọ síbẹ̀ o, tó bá ti ṣe ìṣísẹ̀ 1,000 á dúró, kò sì ní ṣí fáìlì CSV fún yín. Lórí fóònù ọfà á lọ́ mọ́ra wọn, kọ̀ǹpútà ló dáa.

Máàkì 9 nínú 10 ni mo fún un. Torí filter, àṣẹ tí Python fúnra ẹ̀ ní fún sísẹ́ dátà, ni mo ṣe yọ ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá lò ó, ẹ ò ní rí ohun tó wà nínú ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá fi list() sọ ọ́ di lísìtì, kò sì sí àlàyé kankan níbẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.