Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ní jíìpù ológun àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ẹ má gbé pánẹ́ẹ̀lì géèjì yín fún gbájúẹ̀ yìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí tó ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọ̀rẹ́ tó bá ní jíìpù sójà àtijọ́ létí. Ọkùnrin kan ń gba iṣẹ́ kiri láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù. Ó ní òun ń tún pánẹ́ẹ̀lì géèjì, ìyẹn páànù iwájú ọkọ̀ tí géèjì epo àti ti ooru ń jókòó sí, ti Land Rover, Bedford àti Willys ṣe, yóò sì rí bí ìgbà tó kúrò ní ilé-iṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ dùn, fọ́tò tó ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sì máa ń dán gbinrin. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn tó jẹ lówó ṣì ń bá a fà á lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹwáyà ni mò ń ṣe, ọ̀dọ̀ mi sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń gbẹ̀yìn sí.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ ó gbé pánẹ́ẹ̀lì fún un, ẹ ó san ìdajì owó. Tó bá yá, yóò ní ìpẹtà ti jẹ ẹ́ nínú, àfi kí òun pààrọ̀ èyí tí kò ṣeé lò. Páànù tuntun tí wọ́n fín ọ̀dà ewé sí lẹ ó gbà padà, géèjì olówó pọ́ọ́kú wà nínú rẹ̀, wọ́n sì lẹ orúkọ Smiths, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe géèjì láyé ijọ́un, mọ́ ọn lójú. Ojúlówó tiyín ti di ọjà fún ẹlòmíràn. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn: ẹ̀yin lẹ tún ń sanwó iṣẹ́ fún ẹni tó jà yín lólè. Bí Iléyá bá sì ti ń sún mọ́lé, tí àwọn kan fẹ́ fi jíìpù ṣe fáàrí lọ sí Ojúde Ọba, ìgbà náà ni ọjà rẹ̀ ń tà jù, torí kò sẹ́ni tó ráyè yẹ ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì wò.

Wọ́n gbé Land Rover Series IIA kan wá bá mi láti ọ̀nà Òdogbolú. Kò ní tíì rìn jìnnà tí ọwọ́ géèjì ooru yóò ti wọ pupa. Mẹkáníìkì ti tú orí ẹ́ńjìnnì, ó ti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Mo yẹ omi rádíétọ̀ wò, kò hó rárá. Ìgbà tí mo yọ pánẹ́ẹ̀lì ni àṣírí tú. Irú géèjì yẹn kì í gba iná 12 volt tààrà. Àpótí irin kékeré kan, tí kò tó páálí ìṣáná, ló máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dín iná náà kù sí 10. Ọ̀gbẹ́ni ti yọ ọ́ dànù, ó fi wáyà so ibẹ̀ pọ̀, iná tó pọ̀ jù ló wá ń ti ọwọ́ géèjì sí pupa. Géèjì epo náà ń purọ́ bákan náà.

Bí géèjì amper, èyí tó ń fi iná tó ń wọ bátìrì tàbí tó ń jáde hàn, bá wà lórí tiyín, ẹ má tíì tan ẹ́ńjìnnì, iná iwájú nìkan ni kẹ́ ẹ tàn. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yà sí apá tó fi hàn pé bátìrì ń dín kù. Lẹ́yìn ojúlówó, ẹ ó rí bóòtù méjì tó nípọn, torí iná tó pọ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀kan tí mo tú nínú iṣẹ́ rẹ̀, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ọwọ́ géèjì mọ́ àárín! Kò sí wáyà kankan tó débẹ̀. Àwọn Land Rover tí wọ́n ṣe fún rédíò ológun sì ń lo 24 volt, Willys ayé ogun Hitila ń lo 6. Kì í béèrè. 12 ló ń kó sínú gbogbo wọn.

Ó tún ń ta pánẹ́ẹ̀lì tó ní ó bọ́ lára Land Rover tó ja ogun ní Orè. Ó le kú, ìjà Orè! Èyí tó fi hàn wá, iwájú dírẹ́bà gan-an ni géèjì rẹ̀ ń jókòó sí. Series III nìyẹn, ọdún 1971 ló sì jáde. Ọdún 1967 ni wọ́n ja ti Orè, ogun abẹ́lé fúnra rẹ̀ parí ní 1970. Land Rover ìgbà yẹn, àárín dáṣíbọ́ọ̀dù ni pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà. Bí nọ́ńbà NATO, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn ológun NATO fi ń dá ẹ̀yà ara ọkọ̀ mọ̀, bá wà lára ọjà rẹ̀, ẹ kà á: 13 ni gbogbo rẹ̀, ìkarùn-ún àti ìkẹfà máa ń jẹ́ 99 fún ti Gẹ̀ẹ́sì, 12 fún ti Jámánì. Mo ti rí 12 lára èyí tó pè ní ti Gẹ̀ẹ́sì.

Èyí tó lè pa èèyàn ni ti ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn. Radium, èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, wà nínú ọ̀dà ojú àwọn géèjì kan láyé ogun Hitila. Bí kò bá tàn mọ́, ẹ má rò pé ó ti kú. Ohun tó ń mú un tàn ló ti bàjẹ́, radium fúnra rẹ̀ máa ń lo nǹkan bí 1,600 ọdún kó tó dín sí ìdajì. Ọkùnrin yìí ń fi sáńpépà gbo ó, eruku ń fò, àwọn ọmọṣẹ́ ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣí gíláàsì irú géèjì bẹ́ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ha á.

Kí pánẹ́ẹ̀lì tó kúrò lára ọkọ̀ yín, ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí nọ́ńbà hàn ketekete. Ẹ fi ìṣó fa àmì síbi tó fara sin. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé gbogbo ohun tí òun bá yọ, ìbáà ti bàjẹ́, òun yóò gbé e padà. Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Ìgbà tí oníbàárà kan ní kí ọ̀gbẹ́ni yìí kọ ọ́, ńṣe ló ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ òun. Ẹ̀yin tí pánẹ́ẹ̀lì yín ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ tètè lọ, ẹ mú ẹlẹ́rìí dání, ẹ má sì san àṣẹ́kù owó títí ẹ ó fi tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò níṣojú rẹ̀.