Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin Dallas tó ń ta sìlíńdà Honda 250R: 850 dọ́là mi ló kó lọ

Ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun quad (ọkọ̀ eré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń gùn bí alùpùpù) two-stroke, ìyẹn tó ní ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo mọ́ ọ́ìlì, ní Texas níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní Dallas tó ń ta sìlíńdà quad Honda TRX250R (apá ẹ́ńjìnnì tí piston ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀), clutch tó pè ní tuntun (ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà) àti sàlẹ́ńsà pa pọ̀. Tèmi ti lọ. Ó pé ọjọ́ mọ́kànlélógún lónìí tí mo sanwó, mi ò tíì sùn oorun gidi. Ojú ń tì mí. Ìyàwó mi nìkan ló mọ iye tó jẹ́ títí di àsìkò tí mò ń kọ èyí.

Quad mi kì í gbéra dáadáa tí eré ìje bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó sórí ìlà rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Irin tí wọ́n fi dènà iwájú yín wó lulẹ̀ kí eré lè bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn tú jáde, o fi àtàǹpàkò tẹná, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ. Kó o tó dé kọ́nà àkọ́kọ́, eruku èèyàn mẹ́jọ lo ti jẹ. Quad fẹ̀, kì í ṣe alùpùpù tó lè gba àárín èèyàn méjì kọjá, ẹni tó bá ti pẹ́ dé kọ́nà yẹn á tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ni. Mo mọ̀ pé clutch ló ń yọ̀. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀! Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé mo mọ ohun tó ń ṣe é, síbẹ̀ mo lọ ra odidi ẹrù.

Ọdún 1986 ni Honda gbé 250R ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jáde, ti 1989 ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá ń lò ó lónìí, ọ̀pọ̀ nǹkan rẹ̀ ló jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó ti lò ó rí lèèyàn á ti rà á. Ọjà tòkunbọ̀ ni, kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Ẹ má wá sọ pé ojúkòkòrò ló mú mi. Oṣù márùn-ún ni mo fi tọ́jú owó yẹn nínú owó iṣẹ́ alẹ́, mi ò jí i.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí ọkùnrin yìí, òyìnbó ni mo fi kọ ọ́. Ó rí orúkọ mi, kíá ló yí sí Yorùbá. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin náà ń gun 250R? Ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ni mò ń tà á fún àwọn ará ibí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ẹ mú 850 wá, kẹ́ ẹ sáà fi Zelle ránṣẹ́ lónìí." Mo bi í pé ṣé clutch yẹn tuntun ni lóòótọ́. Ó fi ìyá rẹ̀ búra. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lórí fóònù mi, mo tún kà á lánàá. Ìyá rẹ̀! Ọmọ Yorùbá bíi tèmi! Ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó ń kí mi, ó béèrè àwọn ọmọ mi, ó sì ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ìdọ̀tí lòun fẹ́ dì fún mi. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà.

Houston ni mò ń gbé. Wákàtí mẹ́rin ni mi ò fẹ́ fi wakọ̀ lọ wo ọjà náà. Wákàtí mẹ́rin péré.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni páálí dé. Orí tábìlì ìdáná ni mo ti tú u, ìyàwó mi dúró tì mí. Clutch plate, àwọn awo pẹlẹbẹ inú clutch, ni mo kọ́kọ́ mú. Ó ti fi sáńpépà ha ojú wọn kó lè jọ tuntun, ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀kan sún mọ́ imú, òórùn jíjó ṣì wà lára rẹ̀. Mo fi caliper, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan 2.9 mílímítà, èyí tó tẹ̀ lé e 2.6. Inú páálí kan náà! Mo to àwọn sípíríǹgì rẹ̀ sórí tábìlì, wọn ò ga dọ́gba. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn wò mí.

Sàlẹ́ńsà wá ńkọ́? Ibi tó ti tẹ̀ wọnú, pọ́tì ló fi dí i, ó wá kun ọ̀dà dúdú bò ó. Bẹ́ẹ̀, sàlẹ́ńsà two-stroke kì í ṣe páìpù lásán tí èéfín ń gbà jáde. Ìrísí ikùn rẹ̀ ló ń ti afẹ́fẹ́ àti epo tó bá fẹ́ sá jáde padà sínú sìlíńdà, kí piston tó pa ojú ihò tí èéfín ń gbà jáde dé. Tí ikùn yẹn bá ti tẹ̀, agbára tó o wá rà ò sí ńbẹ̀. Ó mọ̀. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló fi kun ún lọ́dà.

Sìlíńdà yẹn ló pa mí. Ó ní ọ̀gá kan tó mọṣẹ́ ló la ihò inú rẹ̀ kó fẹ̀ sí i. Irọ́ ni, ẹnì kan kàn ki dríìlì bọ̀ ọ́ ni. Ẹni tó bá mọṣẹ́, lẹ́yìn tó bá la ihò tán, á pa etí rẹ̀ kó dán, nítorí ring, òrùka irin ara piston, ń gba ojú ihò yẹn kọjá ní àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, tí etí rẹ̀ bá mú, ring á kọ́ ọ. Mo ki ìka mi bọ̀ ọ́, ó ha èékánná mi. Mo rí i. Mo rí i, mo sì tún dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì. Eré ku ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ń rò ó pé bóyá á ṣiṣẹ́ fún eré ọjọ́ Sátidé yẹn nìkan. Ìdí tí mo fi ń bínú sí ara mi nìyẹn.

Mi ò tíì gùn ún tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kàràkàrà, ó sì kú. Nígbà tí mo tú orí rẹ̀, ring ti dá sí méjì, piston ti ya lára bí ìgbà tí wọ́n fi ìṣó fà á. Mo tún ná 190 dọ́là sórí piston àti gasket. Gbogbo rẹ̀ wá di 1,040 dọ́là, quad mi ò sì gbéra ju tàtijọ́ lọ. Kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé òmùgọ̀ ni mí, kó dúró ná. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń tú two-stroke. Mo mọ clutch tó ti jó. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ẹni tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.

Mo pè é, kò gbé e. Mo kọ̀wé, ó ti dí ọ̀nà mọ́ mi lórí fóònù. Báǹkì ní èmi fúnra mi ni mo fi owó ránṣẹ́, nítorí náà wọn ò lè dá a padà. Mo ti fi ẹjọ́ sùn lórí ic3.gov, ti FBI, bóyá wọ́n á rí nǹkan ṣe sí i. Lánàá ni mo wá rí ìpolówó kan náà, orúkọ mìíràn, ó ti di 900 dọ́là báyìí. Fọ́tò kan náà! Ilẹ̀ kọ́ńkéréètì tó sán, bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù lẹ́yìn rẹ̀, tèmi gan-an nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ò mọ̀, ẹ fi PayPal san, kó jẹ́ Goods and Services, ìyẹn ti ọjà rírà. Tó bá ní Friends and Family, ìyẹn ti ẹbí àti ọ̀rẹ́, tàbí Zelle, ẹ sá. Ti Goods and Services ni PayPal ń dáàbò bò, ẹ sì ní ọjọ́ 180 láti fi ẹjọ́ sùn. Ẹ ní kó kọ orúkọ yín àti déètì sí pépà, kó gbé e ti sìlíńdà kó tó ya fọ́tò. Ẹ ní kó fi caliper sí clutch plate nínú fọ́tò. Tó bá ń ṣe àwáwí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ní ti gbígbéra gan-an, ohun tí ì bá yanjú rẹ̀ fún mi ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó yẹn: clutch plate àti sípíríǹgì tuntun látọwọ́ ilé ìtajà, kí plate sùn nínú ọ́ìlì mọ́jú kí n tó dè é, kí n fi fáìlì ha ibi tí plate ti gé basket clutch (agbọ̀n irin tí plate ń jókòó sí) wọlé, kí n dẹ okùn clutch díẹ̀. Ẹ lo sprocket iwájú (irin eléyín tó ń fa ṣéènì) tí eyín rẹ̀ fi ọ̀kan dín. Ó fẹ́ẹ̀ jọ pé ẹ fi mẹ́ta kún ti ẹ̀yìn, owó rẹ̀ sì kéré. Ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ó tán.

Mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń ta nǹkan gbọ́ mọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ń bẹ̀ mí lọ́tùn-ún lósì pé sìlíńdà tiwọn dáa. Ẹni tó bá ní gidi, kó sọ ibi tó wà, màá wakọ̀ wá, bó jẹ́ wákàtí mẹ́wàá, màá sì mú caliper mi dání. Tí ẹ bá sì rí bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù yẹn nínú fọ́tò níbikíbi, orúkọ yòówù kó wà lórí rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya á kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.