Ọdún Kan Àtààbọ̀ Lórí Kẹ̀kẹ́ Tòkunbọ̀ Oníjíà ní Ìbàdàn

Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣì ni wọ́n bí mi sí, Akóbọ̀ ni mò ń gbé, Dùgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó lé ní ogún ọdún tó jẹ́ pé ojú fèrèsé ọkọ̀ ni mo ti ń wo ìlú mi. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan tí kò tó ₦200 fò sókè kọjá ₦500, mo ṣírò ohun tí mò ń dà sínú táńkì lọ́sẹ̀, orí mi gbóná. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo lọ ra kẹ̀kẹ́. Owó epo ló sún mi dé ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí epo bá padà sí ₦65 lọ́la, mi ò ní tà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Tòkunbọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì ni, irú èyí tí táyà rẹ̀ fẹ̀ tó sì ní eyín, férémù rẹ̀ kì í ṣe irin, nítorí náà ó fúyẹ́. Mo lè fi ọwọ́ kan gbé e gun àtẹ̀gùn. Jíà mẹ́ta wà níbi pẹ́dàlì, méje wà lẹ́yìn, àpapọ̀ 21. ₦75,000 ni mo rà á lẹ́yìn tí a ti ná an títí. Ẹni tó tà á fún mi búra pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ṣéènì já, nígbà tí mo sì gbé e dé ọ̀dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ó fi hàn mí pé eyín jíà kékeré ẹ̀yìn ti jẹ tán. Ẹ fi ₦15,000 kún iyekíye tí wọ́n bá pè fún yín, torí ẹ máa ná an lórí ṣéènì, rọ́bà bíréèkì àti tíúùbù kí oṣù náà tó parí.

Ohun méjì wà tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Èkíní ni ẹnu tíúùbù. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹnu tíúùbù wọn tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ó sì ní nọ́ọ̀tì kékeré lórí tí wọ́n máa ń tú kí atẹ́gùn tó lè wọlé. Ẹ̀rọ àwọn fọkanáísà wa kò bá a mu. Táyà mi jò ní Ìdí-Apẹ́ lọ́jọ́ kan, fọkanáísà mẹ́ta ni mo dé ọ̀dọ̀ wọn, gbogbo wọn ń mi orí. Báyìí, idẹ kékeré kan tí wọ́n ń dé mọ́ ọn lẹ́nu wà nínú àpò mi nígbà gbogbo. Owó rẹ̀ kò tó ti ìgò mínírà, ohun ló sì ń gbé mi délé. Èkejì le ju ìyẹn lọ. Lórí kẹ̀kẹ́ tó ti Gẹ̀ẹ́sì wá, bíréèkì ọwọ́ ọ̀tún ló ń di táyà iwájú mú. Mi ò mọ̀. Mò ń sọ̀kalẹ̀ láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀, máíkírà kan dúró gbì níwájú mi láti já èrò, mo fa ọwọ́ ọ̀tún, ìdí kẹ̀kẹ́ sì gbéra nílẹ̀. Ọlọ́run ló yọ mí. Kí ẹ tó gùn ún dé ojú títì, ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ náà níwájú ilé, kí ẹ fa bíréèkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mọ èyí tó ń mú táyà wo.

Òkè ni jíà wà fún, Ìbàdàn sì kún fún òkè. Èyí ni mi ò mọ̀ nínú ọkọ̀, torí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àfìgbà tí itan mi ń ta ni mo tó mọ̀ pé ilẹ̀ ń ga. Sátidé àkọ́kọ́, mo kúrò ní Akóbọ̀ ní aago márùn-ún àbọ̀, mo gba Baṣọ̀run àti Ìdí-Apẹ́ dé Gate, mo kọjá ní Òjé níbi tí àwọn aláṣọ òkè kò tíì pàtẹ, mo jáde sí Bẹẹrẹ. Nígbà tí mo kọjú sí Màpó, mo fa ṣéènì bọ́ sí èyí tó kéré jù níwájú àti èyí tó tóbi jù lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ń yí kíákíá, kẹ̀kẹ́ ń rìn bí ìgbín, ṣùgbọ́n mi ò sọ̀kalẹ̀ títí mo fi dé iwájú gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929 yẹn, tí mo fi ẹ̀yìn ti ọ̀kan nínú àwọn òpó rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ sí Ọjàába, bàbá kan tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pè mí. “Ọmọ ta ni ọ́ ládùúgbò yìí?” Mo dọ̀bálẹ̀, mo dárúkọ agboolé wa. Ó ní, “Ṣé Bàbá Oníkòkó tó ń gun Raleigh ni bàbá rẹ àgbà?” Àwọn ni. Mo mọ̀ pé bàbá àgbà máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí bàbá yìí sọ tẹ̀ lé e: pé ẹnikẹ́ni kì í gun kẹ̀kẹ́ gòkè Màpó láyé ìgbà yẹn, ńṣe ni wọ́n máa ń sọ̀ tí wọ́n á máa tì í, wọ́n á dúró kí ara wọn lábẹ́ òkè, wọ́n á sì jọ ti kẹ̀kẹ́ gòkè. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan eyín jíà ẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á: oókan, eéjì, títí dé eéje. Òróró dúdú yí i lọ́wọ́, ó nù ún sí àkísà, ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá ní kí n máa gbé e sọ́dọ̀ òun nígbàkúùgbà tí mo bá wá.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kẹ̀kẹ́ kò lè wọ àárín àwọn ilé Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣì, ọ̀nà ibẹ̀ kò ju kí ènìyàn méjì yà fún ara wọn lọ. Mo máa ń gbé kẹ̀kẹ́ sọ́dọ̀ bàbá, màá de okùn bàtà, màá gba kọ̀rọ̀ ilé sí kọ̀rọ̀ ilé títí dé Òkè Ààrẹ, níbi Láyípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po ni, òun ló sọ ọ́ lórúkọ. Lókè ibẹ̀, páànù tó dípẹtà ló tẹ́ lọ bí ẹní, Cocoa House sì dá dúró lọ́hùn-ún pẹ̀lú àjà 26 rẹ̀. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó parí ní 1965. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí, kò sọ́jọ́ kan tí mo ronú kan àpò kòkó tí bàbá àgbà gbé lẹ́yìn Raleigh.

Mo tún fi ẹsẹ̀ tọ odò Ògùnpa láti ìsàlẹ̀ Ọgbà Àgọ́dì. Omíyalé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni màmá mi fi ń ka ọjọ́ orí àwa ọmọ: ẹni tí wọ́n bí kí omi tó dé, ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń wa ọkọ̀ kọjá lórí afárá odò yẹn, mo kàn rò pé títì lásán ni. Omi ibẹ̀ kò dé kókósẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ, ọ̀rá àti ìgò ló kún inú rẹ̀, ó sì dùn mí gan-an.

Àléébù kẹ̀kẹ́ náà: ìjókòó rẹ̀ le, mo sì pààrọ̀ rẹ̀. Kò ní ìbòrí táyà, nítorí náà bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á ya mọ́ yín lẹ́yìn. Títì wa kò ní àyè ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn aago méje àárọ̀, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó gba Ìwó Road, àti akoto àti iná ẹ̀yìn sì jẹ́ dandan. Mi ò gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ju ìgbà méjì lọ lọ́sẹ̀ torí òógùn. Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ yẹra fún èyí tí kò ní jíà bó ti wù kó rí, ẹ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn kí ẹ gbọ́ bóyá ṣéènì ń fò, kí ẹ sì wo eyín jíà kékeré ẹ̀yìn dáadáa: bó bá ti mú ṣónṣó bí eyín ajá, ẹ dín owó náà kù tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.