GRUB àtijọ́ lórí Arch àti Debian: ìdápadà rẹ̀ kò le, ibi tó ń gbé ló ń tan ni jẹ

GRUB, ètò kékeré tó ń gbé Linux dìde, ló ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ BIOS (ètò inú ẹ̀rọ tó máa ń kọ́kọ́ jí bí ẹ bá tan án) lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux. Bí òun ò bá jí, ẹnikẹ́ni ò jí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí àpdéètì bá wọlé lálẹ́, tí ilẹ̀ mọ́, tí ẹ̀rọ kọ̀ tí kò dìde, ohun tó ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé kéèyàn dá ẹ̀dà àná padà. Ó ṣeé ṣe. Arch àti Debian, oríṣi Linux méjì, la gbé yẹ̀wò níbí, torí pé àwọn méjèèjì tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ sí gbangba, àmọ́ ọwọ́ tí wọ́n fi mú iṣẹ́ náà ò jọra.

Àléébù tó tóbi jù la ó kọ́kọ́ sọ. GRUB kì í gbé ojú kan. Èyí tí pacman (àṣẹ tó ń gbé pákéèjì wọlé lórí Arch) tàbí apt (ti Debian) gbé wọlé, inú /usr/lib/grub ló jókòó sí, kò sì gbé ẹ̀rọ kankan dìde níbẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an wà níbòmíràn. Lórí UEFI, tó rọ́pò BIOS lórí ẹ̀rọ tuntun (àwọn èèyàn ṣì ń pè é ní BIOS), fáìlì grubx64.efi nínú pátíṣọ̀n EFI ni. Lórí BIOS àtijọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà nínú 440 báìtì àkọ́kọ́ dísìkì, ìyókù tó ń jẹ́ core.img wà ní àlàfo tó ṣáájú pátíṣọ̀n àkọ́kọ́. Àṣẹ grub-install ló ń gbé e kúrò ní ilé àkọ́kọ́ lọ sí ilé kejì. Ẹni tó fi pacman dá ẹ̀dà padà, tó sì tún ẹ̀rọ tàn láìṣe grub-install, kò tíì dá nǹkan kan padà. Ẹ wò ó fúnra yín: grub-install --version máa sọ èyí tó wà nílé àkọ́kọ́, òkè ojú àkójọ GRUB nígbà tí ẹ̀rọ ń dìde, níbi tó ti ń kọ "GNU GRUB version", máa sọ èyí tó wà nílé kejì. Kò ṣàjèjì rárá pé kí nọ́ńbà méjèèjì má bára mu.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí Arch ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni àpẹẹrẹ tó dáa jù. Ẹ̀dà 2:2.06.r322 dé, grub-mkconfig tó wà nínú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "fwsetup --is-supported" sínú grub.cfg, fáìlì àkójọ tí GRUB ń kà, láti béèrè bóyá ẹ̀rọ náà gbà kéèyàn wọ BIOS láti inú àkójọ. GRUB àtijọ́ tó ṣì wà nínú pátíṣọ̀n EFI ò gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ yẹn. "fwsetup" nìkan ló gbọ́, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe: ó kó sínú BIOS. Ẹ tún ẹ̀rọ tàn, BIOS. Ẹ tún un tàn lẹ́ẹ̀kan sí i, BIOS náà ni. Àwọn tó ń lo EndeavourOS, tí wọ́n kọ́ lórí Arch, náà fara gbá a dáadáa. Ìkéde tí Arch gbé jáde ní ọjọ́ 30 oṣù náà ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni padà sẹ́yìn. Ohun tó ní kí wọ́n ṣe ni grub-install àti grub-mkconfig, kí méjèèjì tẹ̀ léra.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá ẹ̀dà àtijọ́ kiri, ẹ fi èyí tuntun ṣe grub-install ná. Lójú tiwa, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá ìdápadà, òun gan-an ni wọ́n nílò.

Bó bá wá jẹ́ pé ẹ̀dà tuntun náà ló níṣòro pẹ̀lú ẹ̀rọ yín lóòótọ́, Arch ló rọrùn jù láti fi padà. Àwọn pákéèjì tó ti wọlé rí ṣì wà nínú /var/cache/pacman/pkg. Paccache máa ń fi mẹ́ta tó kẹ́yìn sílẹ̀ bí ẹ ò bá sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ẹ bá ti gbá gbogbo rẹ̀ nù, archive.archlinux.org/packages/g/grub/ kó wọn jọ pẹ̀lú fáìlì .sig tó ń jẹ́rìí sí wọn. Iṣẹ́ tó mọ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí àkáǹtì. Ẹ tan ẹ̀rọ pẹ̀lú fláàṣì Arch, kí ẹ wá ṣe báyìí:

mount /dev/nvme0n1p2 /mnt
mount /dev/nvme0n1p1 /mnt/boot/efi
arch-chroot /mnt
ls /var/cache/pacman/pkg/grub-*
pacman -U orúkọ-fáìlì-tí-ẹ-yàn
grub-install --target=x86_64-efi --efi-directory=/boot/efi --bootloader-id=GRUB
grub-mkconfig -o /boot/grub/grub.cfg

Ẹ fi orúkọ pátíṣọ̀n tiyín rọ́pò, lsblk -f á fi hàn yín. Bó bá jẹ́ Btrfs ni ètò fáìlì dísìkì yín, ìlà àkọ́kọ́ máa ń fẹ́ -o subvol=@. Ibi méjì ni wọ́n ti sábà ń ṣìnà. Èkíní ni bootloader-id: bí ẹ bá kọ GRUB, tó sì jẹ́ pé "arch" ni èyí tó ń gbé ẹ̀rọ dìde tẹ́lẹ̀, fódà méjì ló máa wà nínú /EFI, BIOS sì lè máa bá ti àtijọ́ lọ bí ẹni pé ẹ ò ṣe nǹkan kan. Efibootmgr -v á sọ orúkọ tó tọ́ fún yín. Èkejì ni ìlà tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá fò ó, grub.cfg tí ẹ̀dà tuntun kọ ló fi sílẹ̀ fún GRUB àtijọ́, àìsàn 2022 yẹn gan-an ló tún fọwọ́ ara rẹ̀ fà wálé. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kẹ́yìn ò gbọdọ̀ ní títún ẹ̀rọ tàn láàárín. Kí bátìrì láptọ́ọ̀pù sì kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Debian ò rí bẹ́ẹ̀. GRUB tiwọn pín sí pákéèjì ó kéré tán márùn-ún lórí UEFI, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ padà papọ̀. Debian 12 ń lo 2.06, Debian 13 ń lo 2.12. Ẹni tó fẹ́ ti 13 padà sí ti 12, lẹ́yìn tó bá ti fi ìlà bookworm (orúkọ Debian 12) sínú sources (àkójọ ibi tí apt ti ń kó pákéèjì), irú ohun tó máa kọ nìyí:

apt install --allow-downgrades grub-common=2.06-13+deb12u1 grub2-common=2.06-13+deb12u1 grub-efi-amd64=2.06-13+deb12u1 grub-efi-amd64-bin=2.06-13+deb12u1 grub-efi-amd64-signed=1+2.06+13+deb12u1

Ẹ wo nọ́ńbà èyí tó kẹ́yìn dáadáa, kò rí bíi ti àwọn yòókù, ibẹ̀ sì ni apt ti máa ń yarí. Apt policy ló máa sọ nọ́ńbà tó wà lọ́dọ̀ yín lónìí. Ẹ̀dà tí kò sí lórí sáfà mọ́ wà ní snapshot.debian.org. Debian fúnra rẹ̀ ò ṣèlérí pé ìdápadà máa já gaara, àmọ́ ohun kan wà tí wọ́n fi borí Arch: pákéèjì wọn ló ń pe grub-install àti update-grub fúnra rẹ̀.

Àǹfààní yẹn náà lókùn nínú o. Lórí BIOS àtijọ́, grub-pc, pákéèjì GRUB ti Debian fún BIOS, máa ń rántí dísìkì tó yẹ kó kọ nǹkan sí. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ dísìkì náà, ibi tí kò sí mọ́ ló ń kọ ọ́ sí. Nígbà tí àtúnṣe BootHole, àléébù ààbò kan nínú GRUB, jáde ní ìparí oṣù Keje 2020, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá lójú ẹ̀rọ wọn láàárọ̀ nìyí:

error: symbol `grub_calloc' not found.
Entering rescue mode...
grub rescue>

Module tuntun (àwọn ẹ̀yà tí GRUB ń kó wọlé) ti wọ /boot/grub, core.img àtijọ́ ṣì wà níwájú dísìkì, wọn ò sì gbọ́ èdè ara wọn. Ìdápadà tí kò parí máa ń bí irú rẹ̀ gan-an. Ẹ lè gbìyànjú set prefix=(hd0,msdos1)/boot/grub, kí ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú insmod normal. Bí insmod bá tún dá "symbol" padà fún yín, ẹ má fàkókò ṣòfò níbẹ̀ mọ́, fláàṣì ló kù. Ẹ wọlé, kí ẹ ṣe grub-install /dev/sda, tí í ṣe dísìkì fúnra rẹ̀. /dev/sda1 kọ́ o. Lẹ́yìn náà ni dpkg-reconfigure grub-pc, kó lè mọ ilé tuntun.

Ohun mìíràn tí àwọn ìtọ́sọ́nà kéékèèké kì í sọ ni pé GRUB àtijọ́ lè má lè ka dísìkì yín. Láti e2fsprogs (àwọn irinṣẹ́ ext4) 1.47.0 tó jáde ní 2023 ni ètò fáìlì ext4 tuntun ti ń wá pẹ̀lú àbùdá kan tó ń jẹ́ metadata_csum_seed. GRUB 2.06 bó ṣe jáde ní 2021 ò mọ̀ ọ́n, "unknown filesystem" ló máa kọ, àfi bí àwọn tó ṣe pákéèjì náà bá ti bá yín fi àtúnṣe sí i. Ẹ fi dumpe2fs -h wò ó ṣáájú. Láti orí fláàṣì, e2fsck -f àti tune2fs -O ^metadata_csum_seed máa mú un kúrò. Ẹni tí /boot rẹ̀ wà lábẹ́ LUKS2 (ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti dísìkì pa) kò gbọdọ̀ padà kọjá 2.06, torí 2.04 ò mọ LUKS2 rárá. Ti GRUB Legacy 0.97, ẹ jẹ́ kó sinmi. Kò mọ GPT (ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń pín dísìkì), kò mọ ext4, òǹkà pátíṣọ̀n rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Secure Boot, ètò UEFI tó ń yẹ ìfọwọ́sí ohun tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ dìde wò, ló ń fa wàhálà jù. Shim, ètò kékeré tó ń ṣáájú GRUB lábẹ́ Secure Boot, máa ń wo nọ́ńbà ìran tó wà nínú GRUB, SBAT ni wọ́n ń pè é. Bí nọ́ńbà náà bá kéré sí èyí tí ẹ̀rọ ń béèrè, kò ní jẹ́ kó dìde. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ 2024, àpdéètì Windows kan gbé nọ́ńbà yẹn sókè, "SBAT self-check failed: Security Policy Violation" sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ní Windows àti Linux pa pọ̀ rí. Kí ẹ tó dá nǹkan kan padà, ẹ ṣe mokutil --list-sbat-revocations, kí ẹ fi nọ́ńbà tó tẹ̀ lé "grub" wé ohun tí objdump -s -j .sbat bá sọ nípa grubx64.efi àtijọ́ náà. Bí ti fáìlì bá kéré, ẹ̀dà yẹn ò wúlò fún ẹ̀rọ yín bí Secure Boot bá ṣì wà ní títàn. Pípa á ń ṣiṣẹ́, mokutil --set-sbat-policy delete náà ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ti pa Secure Boot ná, àmọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n torí BootHole tì lẹ ń ṣí yẹn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti já, ẹ so ó mọ́lẹ̀: IgnorePkg = grub nínú /etc/pacman.conf, tàbí apt-mark hold fún pákéèjì márààrún. Ẹyọ kan tí ẹ bá gbàgbé á bá àpdéètì tó ń bọ̀ lọ. Apt-mark showhold á ka orúkọ wọn jáde, kó pé márùn-ún.