Oṣù méje pẹ̀lú kápásítọ̀ 1 farad nínú Camry mi

Ohun tó lé mi dé ìdí kápásítọ̀, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́ fún ańpílífáyà, ni iná iwájú ọkọ̀ mi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí mo sì gbé fújì sókè díẹ̀, gbogbo ìgbà tí ìlù ńlá bá dún gbì, iná iwájú á rẹlẹ̀, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á bá a ṣẹ́jú. Camry 2004 ni ọkọ̀ náà. Wúfà oníńṣì méjìlá kan wà nínú bùùtù rẹ̀, pẹ̀lú ańpílífáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń wa ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ìjẹ̀bú Òde, ìgbà púpọ̀ ló sì jẹ́ alẹ́ ni mo máa ń padà. Ojú ọ̀nà yẹn kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń fẹ́ kí iná iwájú máa rẹ̀ ẹ́.

Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní Alaba fi ọkàn mi balẹ̀ pátápátá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé 1 farad sí i, iná yín ò ní mì mọ́ láéláé." Farad ni wọ́n fi ń wọn bí iná tí kápásítọ̀ lè gbà ṣe pọ̀ tó. Mo san ₦42,000. Ó rí gbọọrọ bí agolo mílíìkì ńlá, ó ń dán, nọ́ńbà aláwọ̀ búlúù sì wà lórí rẹ̀ tó ń ka fóòtì (volt). Mo rí agolo tó jọ ọ́ délẹ̀délẹ̀ lábẹ́ orúkọ mẹ́ta mìíràn ní ìsọ̀ kan náà, nítorí náà orúkọ ara rẹ̀ kò lè sọ ohunkóhun fún yín.

Kí n tó sọ bó ṣe ṣe sí, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń tà á ti ń ṣì wá lọ́nà. Ẹ fojú inú wo ilé ìdáná. Alternator, tó ń ṣe iná fún ọkọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ni ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga, bátìrì ni táǹkì, wáyà ni páìpù. Kápásítọ̀ ni garawa omi tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń dáná. Bó bá nílò omi wàràwàrà, inú garawa ló máa kọ́kọ́ ti bù, kí ti táǹkì tó gba páìpù dé. Garawa kì í fa omi. Bí páìpù bá tín-ín-rín jù, garawa á gbẹ, kò sì ní tètè kún padà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi fóòtì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ tún fi farad sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ mú ìdajì; ohun tí ẹ máa rí ni joule, òṣùwọ̀n agbára tó wà nínú rẹ̀. Ní fóòtì 14, kápásítọ̀ 1 farad gba joule 98. Bó bá já bọ́ sí fóòtì 12, joule 72 ló kù nínú rẹ̀. Joule 26 péré ló ti fi sílẹ̀ nìyẹn. Ańpílífáyà tó ń fa watt 800 á jẹ ìyẹn tán láàrin ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bẹ́ẹ̀, bátìrì 60 ampere-hour tó kún dáadáa ní ju mílíọ̀nù méjì àbọ̀ joule lọ nínú.

Ańpílífáyà tèmi náà ní ìtàn tirẹ̀. Watt 1,200 ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n fúùsì ampere 30 méjì ló wà níbẹ̀. Ampere 60 ní fóòtì 13.8 jẹ́ watt 828, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì di ooru kó tó dé ọ̀dọ̀ wúfà. Láti ìgbà náà, ojú fúùsì ni mo kọ́kọ́ ń wò bí ẹnì kan bá ń pariwo watt fún mi.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá rìwáyà kan ní Challenge, n'Ìbàdàn. Bí mo ṣe fẹ́ máa so ó mọ́ wáyà ni wọ́n pariwo mọ́ mi: "Má fọwọ́ kàn án bẹ́ẹ̀! Ebi ń pa á. Tí o bá so ó mọ́ bátìrì báyìí, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa fẹ́ gbé gbogbo iná mì." Wọ́n mú gílóòbù bíréèkì kan, wọ́n fi í sáàrin pọ́sítífù bátìrì àti pọ́sítífù kápásítọ̀. Gílóòbù náà tàn rokoṣo, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ bí àtùpà tí epo ń tán lọ nínú rẹ̀, títí tó fi kú. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó so ó tààrà, iná kankan kò sì ta. Tí ẹ bá fẹ́ tú u, gílóòbù yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi tú iná inú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kí ẹ ti yọ wáyà bátìrì kúrò kí ẹ tó ṣe é. Ẹ má ṣe so pọ́sítífù kápásítọ̀ mọ́ nẹ́gétífù bátìrì. Irú kápásítọ̀ yìí lè wú kó sì bẹ́ bí wọ́n bá yí i sódì.

Nígbà tí mo délé, mo dán ohun kan wò tí mo rọ̀ yín pé kí ẹ dán wò kí ọjọ́ dídá ọjà padà tó kọjá. Mo tú iná inú rẹ̀ tán, mo wá fi resistor (ohun tó ń dín iná tó ń kọjá kù) 30 ohm alágbára watt 10 kún un láti ara bátìrì tó wà ní fóòtì 12.6, mo sì ń fi fóònù ka àkókò. Bí 1 farad bá jẹ́ 1 farad lóòótọ́, ó yẹ kó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dé fóòtì 8. Tèmi débẹ̀ ní mẹ́rìnlá. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, kò yí padà. Kò tilẹ̀ pé ìdajì farad. Ó dùn mí gan-an, torí owó 1 farad ni mo san.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Lórí fújì, mo rí ìyàtọ̀. Ìlù fújì máa ń kù lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́ kó tó tún kù, àlàfo yẹn sì ń fún kápásítọ̀ láyè láti kún padà. Iná iwájú ṣì ń mì, ṣùgbọ́n kò rẹlẹ̀ tó tàtẹ̀yìnwá. Mo wá gbé amapiano sí i. Básì ti amapiano máa ń fa gùn, á máa yí lọ láìdánudúró, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì bíi pé n kò ra nǹkan kan. Nọ́ńbà búlúù yẹn ń já wálẹ̀ lójú mi, kò sì gòkè padà títí básì fi tán.

Mo padà sí Challenge. Bàbá kò bá mi sọ̀rọ̀ kápásítọ̀ rárá. Wọ́n ní, "Mú mítà wá." Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, orin lọ sókè, wọ́n wọn ojú bátìrì: fóòtì 13.4. Wọ́n wọn ẹnu ańpílífáyà ní bùùtù: 11.8. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Ọ̀nà ló ti ń sọnù."

Fóòtì 1.6 ni wáyà ń jẹ. Ibi méjì ló ti ń lọ. Àkọ́kọ́ ni wáyà áàtì ní bùùtù, èyí tó so ańpílífáyà mọ́ irin ọkọ̀, tí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà dè mọ́ orí ọ̀dà, tí irin kò kan irin dáadáa. Èkejì ni wáyà pọ́sítífù fúnra rẹ̀. Bàbá fi ọ̀bẹ ha á lórí: ara rẹ̀ pọ́n bíi bàbà, inú rẹ̀ funfun. Alumíníọ́mù ni wọ́n fi bàbà kùn, iná kì í sì í gba inú alumíníọ́mù kọjá tó bó ṣe ń gba inú bàbà. Ó tún wá tín-ín-rín, 8 gauge ni (bí nọ́ńbà gauge bá ṣe kéré tó ni wáyà ṣe ń nípọn tó).

A fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò títí irin fi ń dán, a de áàtì tuntun mọ́ ọn. A fa wáyà bàbà gidi, 4 gauge, láti iwájú dé ẹ̀yìn, pẹ̀lú fúùsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé fúùsì tó wà lára ańpílífáyà ti tó. Bí wáyà bá bó ní ojú ọ̀nà tó sì fara kan bọ́dì ọkọ̀, fúùsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì nìkan ló lè gé iná náà kí ọkọ̀ má bàa jóná. A tún kápásítọ̀ so sítòsí ańpílífáyà, kò tó ìdajì mítà sí i. A wọn ọ́n: fóòtì 13.1 ní ẹnu ańpílífáyà, orin kan náà, ariwo kan náà.

Mo wá yọ kápásítọ̀ náà kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n lè mọ èwo ló ṣe iṣẹ́. Iná iwájú dúró láìsí i, àfi ìmì kékeré kan tí mo ní láti tẹjú mọ́ ara ògiri kí n tó rí. Nígbà tí mo dá a padà, ìmì kékeré yẹn lọ lórí fújì. Ní ti ohùn básì, ó jinlẹ̀ sí i lẹ́yìn tí a pààrọ̀ wáyà, ìyàwó mi tí kò bìkítà fún irú nǹkan báyìí gan-an sọ ọ́. Láàrin kápásítọ̀ àti àìsí kápásítọ̀, etí mi kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan.

Ohun kan tún wà tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹrin, mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo dé, ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ gbà. Nọ́ńbà búlúù tó rẹwà yẹn kì í kú tọ̀sán tòru. Mo wọn iná tí kápásítọ̀ náà ń jẹ lórí ìdúró, ó jẹ́ milliampere 60, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ampere-hour 13 láàrin ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn kan wà tí nọ́ńbà wọn máa ń kú bí a bá ti pa rédíò. Irú ìyẹn ni kí ẹ bèèrè fún. Mo ti fi súíìṣì sí tèmi.

Ó ṣì wà nínú bùùtù mi, n kò sì ní yọ ọ́, torí mo fẹ́ràn bí iná ṣe dúró wámúwámú lórí fújì. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún ní ₦42,000 yẹn lọ́wọ́ lónìí, wáyà bàbà àti áàtì ni mo máa kọ́kọ́ fi rà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi pè mí pé òun fẹ́ ra kápásítọ̀, iná ọkọ̀ òun ń mì. Mo ní kó gbé ọkọ̀ wá ní òwúrọ̀ kó má tíì rìn jìnnà, kó jẹ́ kó sinmi díẹ̀. A wọn bátìrì rẹ̀ láìtan ohunkóhun: fóòtì 12.1. Bátìrì tó kún kò yẹ kó wà nísàlẹ̀ 12.6. A fi ẹ̀rọ kún un mọ́jú, ọjọ́ kejì ó ti tún já bọ́ síbẹ̀. Bátìrì tuntun ló rà.